Èmi Ni Ihò Tí Bàbá Onílé Ń Wá Nínú Adágún Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì ń pa mí lẹ́kún. Mo lè jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ mi kí n ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á máa wò mí. Tí ẹ̀rín náà bá tán, ẹ̀rù á wá bà mí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí ni Bàbá onílé mi fẹ́ lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọpẹ́ kò burú. Ṣùgbọ́n orí irọ́ ni ọpẹ́ yìí dúró lé, èmi ni mo sì pa irọ́ náà. Irọ́ yẹn ti ba orúkọ ẹnì kan jẹ́. Tí Bàbá bá fi lè sọ ọ́ níwájú ìjọ, a ò ní lè kó o nílẹ̀ mọ́.

Télọ̀ ni mí, ní Jàpárà, Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni mí látilẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni mo ń gbé nínú ọgbà Bàbá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, ọmọ Áńgílíkà paraku. Mo ti yí orúkọ gbogbo ènìyàn padà, ẹ má ṣe ìyọnu láti wá wa kiri.

Ìyàwó Bàbá là ń pè ní Màmá Mákùn, nítorí Mákùn-Omi ni wọ́n ti bí i, létí omi gan-an. Ẹsẹ̀ Màmá ò gbé e mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti délé gbẹ̀yìn. Kì í ráhùn oúnjẹ, kì í ráhùn aṣọ. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ ni pé ilẹ̀ gbígbẹ ti sú òun, pé etí òun ń wá omi.

Bàbá fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ó wo fídíò lórí fóònù títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ó wá ní òun máa kọ́ adágún omi sẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé Màmá. Ó pe bíríkìlà kan, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Gàfárù. Gàfárù gbẹ́ ilẹ̀, ó tẹ́ tampólì dúdú tó nípọn sí i, ó to òkúta ga ní apá kan bí àtẹ̀gùn. Pọ́ńpù kékeré kan wà nísàlẹ̀ omi, iná sólà tó ní bátìrì ló ń gbé e tọ̀sán tòru. Òun ló ń fa omi gba inú páìpù lọ sórí òkúta, omi náà á sì máa dà padà wálẹ̀ ṣọ̀ọ̀ọ̀. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni gbogbo wa ń pè é.

Ọjọ́ tí omi yẹn kọ́kọ́ dà, Màmá pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Bàbá da ẹja epìyà sínú adágún, ó gbé àga síbẹ̀, ó ń wo Màmá, Màmá ń wo omi. Èmi náà jó. N ò fìgbà kan kórìíra adágún yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní àkókò yẹn, ọmọ mi Àdùkẹ́ ń wá ààyè láti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ṣe ìdánwò, kò bọ́ sí i. Ó tún un ṣe, orúkọ rẹ̀ ò jáde. Ọmọ náà wá dákẹ́ sínú ilé, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì wa. Wòlíì ríran, ó ní kí n máa bu omi ṣíṣàn ní ìdájí, kí n gbàdúrà sí i, kí Àdùkẹ́ máa fi wẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ́ Aládùúrà á mọ̀ pé omi ṣíṣàn kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Omi tó ń rìn ni. Omi tó dúró sójú kan ò lè gbé ìṣòro ẹni lọ. Odò tí a sì ń lò tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń fọ mọ́tò ti gbà á lọ́wọ́ wa, epo ló ń léfòó lórí rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo ń ronú ibi tí n ó ti rí omi tó ń ṣàn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé mi: ṣọ̀ọ̀ọ̀.

Mo dìde jókòó. Mo ní, "Olúwa, àbí ìdáhùn nìyí?"

Mo mú garawa, mo jáde láìwọ bàtà, mo gbé e sábẹ́ ibi tí omi ti ń já bọ́ láti orí òkúta. N ò bu èyí tó dúró nínú adágún rárá. N ò sì tọrọ lọ́wọ́ Bàbá. Ojú ló ń tì mí. Bàbá fẹ́ràn láti máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, "ẹ̀yin aláṣọ funfun" ló máa ń pè wá. Mo mọ̀ pé á ní, "Omi pọ́ńpù lo fẹ́ fi gbàdúrà?" N ò fẹ́ gbọ́ ọ.

Wọ́n gba Àdùkẹ́ wọlé.

Háà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ayọ̀! Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́ ń pariwo lójú títì. Mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo yí gbirigbiri nílẹ̀, mo ní omi ṣíṣàn ló ṣe é. N ò dárúkọ ibi tí mo ti bù ú. Ìgbà tí ìsìn parí ni Ìyá Sọ́ńdè, arábìnrin kan nínú ìjọ wa, fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Arábìnrin, odò wo ló kù ní Jàpárà yìí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀?" Mo sọ fún òun nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, òun nìkan ni mo sọ fún. Ṣùgbọ́n ẹnu Ìyá Sọ́ńdè kò ní ìlẹ̀kùn.

Kí n tó mọ̀, àwọn arábìnrin ti ń tò sí géètì ẹ̀yìn lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, oníkálùkù pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn wà. Wọ́n á wọlé láìwọ bàtà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ẹ̀rín á máa bọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn bi wá pé omi tó ń lọ sókè tó tún ń padà wá yìí, ṣé omi ṣíṣàn náà ni. Ìyá Sọ́ńdè dá a lóhùn pé, "Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ náà, yíyípo ló ń yípo. Ṣé kì í ṣàn ni?" Arábìnrin yẹn gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sábẹ́ omi. Mo di ògiri mú kí ẹ̀rín má baà gbé mi ṣubú.

N ó jẹ́wọ́ èyí náà: mo ń gbádùn rẹ̀. Èmi tí n kò ju ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn lọ, mo di Ìyá Olómi. Àwọn ìyá ìjọ ń fún mi ní àga níwájú. Kò rọrùn láti ti irú géètì bẹ́ẹ̀ pa.

Ni omi adágún bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Bàbá kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà sára òkúta níbi tí omi dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti fi ìlà sílẹ̀ sókè. Bàbá ní oòrùn lè fa omi, ṣùgbọ́n oòrùn kì í fà á tó báyìí, pàápàá ní òru. Ó pe gbogbo wa jọ, ó dúró bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì.

Ó ní, "Ẹ gbọ́. A máa pa pọ́ńpù. Tí omi bá ń dín bẹ́ẹ̀ náà, ìsàlẹ̀ adágún ló lu. Ṣùgbọ́n tí omi bá dúró, a jẹ́ pé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ló ń jò."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Kò sí ibi tí èèyàn lè gbà já a. Ó pa pọ́ńpù.

Ní ìdájí, àwọn arábìnrin dé. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì, wọ́n tẹ́tí, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá Sọ́ńdè ní, "Omi ti kú." Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo wọn, wọ́n padà sílé. A kì í fi omi tó dúró gbàdúrà. Gbogbo ìgbà tí pọ́ńpù fi wà ní pípa, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan omi yẹn. Omi àti ìlà ṣọ́ọ̀kì ń wo ara wọn lójú.

Bàbá fò sókè. "Mo ti mú un! Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni!"

Ṣé ẹ rí i? Ìdánwò Bàbá dára, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ihò tó ń fa omi òun, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Tí omi ò bá ṣàn, kò ní fà á. Mo wọ yàrá lọ, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Ọlọ́run, dárí jì mí.

Gàfárù dé. Ó tú òkúta palẹ̀, ó tẹ́ tampólì mìíràn sábẹ́ rẹ̀, ó ká etí rẹ̀ sókè kí omi má baà yọ́ gba ẹ̀yìn lọ, ó fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo àlàfo. Wọ́n tan pọ́ńpù. Ohùn omi padà. Àwọn arábìnrin mi náà padà. Omi dín.

Gàfárù tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí ó da búlúù díẹ̀ sínú omi, irú èyí tí a fi ń ṣan aṣọ funfun. Ó ní ibi tí àwọ̀ yẹn bá ti rin ilẹ̀, ibẹ̀ ni ihò wà. Ó wá gbogbo ẹ̀yìn òkúta, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ìyá Sọ́ńdè àti àwọn yòókù ló kó búlúù náà lọ. Wọ́n fi ṣan sùtánà wọn. Ní Ọjọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ yẹn, ìjọ wa funfun débi pé wòlíì dúró lórí pẹpẹ, ó ní ògo ti sọ̀kalẹ̀. Mo kàn ń sọ pé "Àmín."

Ẹ̀rín mọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ibi tó ti burú.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Gàfárù. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ó ní Gàfárù ti jẹ sìmẹ́ńtì òun, iyanrìn lásán ló fi dí òkúta. Ó sọ ọ́ nínú ọgbà, ó sọ ọ́ nípàdé onílé, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n ti fẹ́ gbé iṣẹ́ ògiri ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà fún Gàfárù. Wọ́n gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ẹlòmíì.

Gàfárù wá bá mi níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ìyá Àdùkẹ́, ẹ̀yin lẹ ń gbé ẹ̀yìn. Ẹ bá mi rò ó. Ṣé ẹ ò rí nǹkan kan?"

Mo ní, "N ò rí nǹkan kan o."

Mo wá bu ìkọ́kọrẹ́ fún un, mo fi ẹja tó tóbi jù sí i. Ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á tọ́jú Àdùkẹ́. Àdúrà yẹn dùn mí ju èpè lọ. Látìgbà náà ni n kò ti gbádùn ìkọ́kọrẹ́ mọ́, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú.

Láìpẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ náà sú Bàbá. Ó ní òun máa da iyẹ̀pẹ̀ sí adágún náà, kí òun gbin ata sí i. Màmá Mákùn gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ó kàn yí ojú sí ògiri. Nígbà tí mo rí ẹ̀yìn orí ìyá yẹn, mo mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Mo lọ sọ fún àwọn arábìnrin pé ó ti tó, mo ti géètì pa, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú àpótí aṣọ.

Bàbá ò mọ èyí. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ó ní kí òun gbìyànjú kan sí i kí òun tó da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó po sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀, ó to òkúta náà fúnra rẹ̀. Mo bá a gbé omi. Iṣẹ́ náà wọ́, n ó má purọ́, òkúta kan tiẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí fìlà. Wọ́n tan pọ́ńpù. Ilẹ̀ mọ́, omi ò dín. Ilẹ̀ tún mọ́, omi ò dín.

Ẹ bá wà níbẹ̀! Bàbá jó. Àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn, ó ju ọ̀pá nù, ó jó yí adágún po nínú ṣòkòtò péńpé. Ó ń kọ orin ọpẹ́ wọn, ó ń dì mọ́ mi. "Ìyá Àdùkẹ́, o ṣe ẹlẹ́rìí mi! Ọwọ́ ara ẹni là ń fi tún ìwà ara ẹni ṣe!" Èmi náà bá a jó. Inú mi dùn gan-an, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè parọ́, inú mi dùn sí ayọ̀ rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé.

Bàbá wá ní a máa lọ dúpẹ́. Ó fẹ́ dúró níwájú ìjọ, kó sọ bí òun ṣe dí ihò tí Gàfárù fi sílẹ̀. Ó ní kí n wá jẹ́rìí. Ó tún ní kí n kó àwọn aláṣọ funfun mi wá, kí wọ́n wá bá òun jó, nítorí ìjà ò sí láàárín òun àti wa. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn. Gbogbo wọn ló ní àwọn ń bọ̀. Ìyá Sọ́ńdè tiẹ̀ ti ń béèrè bóyá wọ́n á se ìrẹsì.

Ìgbà tí mo rò pé mo ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán ni Màmá Mákùn ránṣẹ́ pè mí, nígbà tí Bàbá jáde. Màmá kì í sọ èdè mìíràn ju Ìjẹ̀bú tiwa lọ, n ó kọ ọ́ bí gbogbo yín á ṣe lè gbọ́ ọ. Ó ní, "Àwọn ọmọ mi dà?"

Mo ní, "Ọmọ wo, Màmá?"

Ó ní, "Àwọn tó ń pọn omi ní ìdájí. Kí ni mo fi ṣe wọ́n tí wọn ò wá mọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá ti ń rí wa láti ọjọ́ kìíní! Abẹ́ fèrèsé rẹ̀ ni. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń yípo, ó fi rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní Mákùn-Omi, ohun tó máa ń jí òun ni àwọn obìnrin tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi, tí garawa ń kan ara wọn, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní Bàbá kọ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ fún òun, òun sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò jọ ilé àfi ìgbà tí àwa dé. Òun ò sọ fún Bàbá, nítorí Bàbá á lé wa.

Ó wá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ṣùgbọ́n bíríkìlà yẹn. A ti ṣẹ̀ ẹ́, èmi àti ìwọ." Ó ní kí n kọ ọ́ síbi tí àwọn èèyàn á ti dá wa lẹ́jọ́, kí á gbọ́ bí wọ́n ṣe wí, kí Ọjọ́ Ìsinmi tó pé.

Ìwọ bíríkìlà tí mo pè ní Gàfárù, tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, o mọ ara rẹ. Iṣẹ́ rẹ ò jò. Sìmẹ́ńtì rẹ pé. Èmi ni mo purọ́ fún ọ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo fi oúnjẹ dí ẹnu ẹ̀rí ọkàn mi. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Mo máa wá bẹ̀ ọ́ nílé, lójú ìyàwó rẹ, kí ọpẹ́ yẹn tó wáyé. Mo sì máa fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ níwájú àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Èyí n kò bi ẹnikẹ́ni, mo ti pinnu rẹ̀.

Bàbá ló kù. Bóyá á lé mi jáde, bóyá á rẹ́rìn-ín, n ò mọ̀. Tí ó bá lé mi, ó jàre. Ṣùgbọ́n Màmá ti gba kọ́kọ́rọ́ géètì lọ́wọ́ mi, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní òun ò ní gbé e sílẹ̀ àfi tí mo bá ṣèlérí pé àwọn ọmọ òun á padà wá. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti gbélé ọkọ pẹ́, ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yìí ń jó nítorí pé omi rẹ̀ ò dín mọ́. Báwo ni n ó ṣe sọ fún un pé ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kó tún máa dín?